Yíyan Ẹ̀rọ Ìjórin fún Ẹni tí Ń Tún Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Nílé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó wà tí kì í ṣe ajórinmọ́rin, tí wọn kò sì ní in lọ́kàn láti fi iṣẹ́ náà jẹun, ṣùgbọ́n tí inú wọn a máa dùn láti tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wọn nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí. Ẹnìkan ní ìjàpá, èyíinì ni Volkswagen kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì nì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Ẹlòmíràn ní Peugeot 504 tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ fẹ́ kan ọmọlanke onítáyà méjì tí ọkọ̀ yóò máa fà lẹ́yìn láti kó iṣu wálé. Ibi yòówù tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá irin tí ó ti jẹrà pàdé, tàbí irin tí ó yẹ kí a so mọ́ òmíràn, yóò sì rí i pé ẹ̀rọ ìjórin ni ó kù. Yóò mú owó, yóò lọ sí ọjà, yóò sì bi olùtajà pé, "Èwo ni ó lágbára jù nínú wọn?"

Ìbéèrè yìí ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi pàápàá bèèrè rẹ̀.

Ìjàpá kan ni mo rà, tí ìpáàrà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì máa ń wà nínú irú ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ tí a fi ọ̀dà kọ 300 gàdàgbà sí lára ni mo gbé wálé, pẹ̀lú páálí ẹlẹ́kítíróòdù gééjì 10 kan tí olùtajà fi lé mi lọ́wọ́. Bí mo ti fi ọ̀pá kan páànù náà, ihò ni ó lù. Mo gbìyànjú láti dí i, ihò kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Nígbà tí mo sì dín iná kù, ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ irin, ohun tí mo sì rí jó sílẹ̀ dàbí ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí a tò sórí páànù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Mo jó ẹsẹ̀ ìjókòó awakọ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó dára lójú mi, mo sì fi ọ̀dà kùn ún. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó sanra jókòó lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan, ẹsẹ̀ ìjókòó náà sì tú lódindi, abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé a kò fi iná kàn án rí. Mo dúró, mo ń wò ó, mo sì ń ronú bí ìbá ti rí bí ó bá jẹ́ pé lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni ó ti tú, nígbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà lórí bíréèkì.

Àgbà ajórinmọ́rin kan ní àdúgbò wa wá wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀rọ yín kò burú o. Àdá ni ẹ fi ń gé èékánná." Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ìbéèrè méjì tí olùtajà kò bi mí: báwo ni irin tí mo fẹ́ jó ti nípọn tó, àti irú iná mànàmáná wo ni ó wà nílé mi. Lórí méjèèjì yìí ni yíyan ẹ̀rọ dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé nínípọn irin yẹ̀ wò. Páànù tí a fi ṣe ara ọkọ̀, èyíinì ni ilẹ̀kùn, òrùlé àti ìbòrí táyà, kì í sábà ju mìlímítà 0.7 sí 1 lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí èyí ti tó, kí ó to ìwé ìtẹ̀wé funfun mẹ́wàá léra wọn, kí ó sì fi ìka méjì fún wọn pọ̀. Bíi mìlímítà kan ni èyíinì. Irin ṣásí àti àwọn irin tí ó di nǹkan mú lábẹ́ ọkọ̀ a máa tó mìlímítà 2 sí 3, irin ọmọlanke tí ọkọ̀ ń fà a sì máa nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣẹ́ ní òfin kan tí ó rọrùn láti há sórí: fún mìlímítà irin kọ̀ọ̀kan, iná tí a nílò jẹ́ bíi ámpíà 40. Nítorí náà páànù mìlímítà 0.8 ń fẹ́ nǹkan bí ámpíà 32, irin mìlímítà 3 sì ń fẹ́ bíi 120. Òfin yìí kò péye bí ìṣirò inú ìwé, ṣùgbọ́n ó tó láti fi yan ẹ̀rọ.

Wàyí o, ẹ wo ọ̀pá ẹlẹ́kítíróòdù. Gééjì 12, tí ó tó nǹkan bí mìlímítà 2.5, kì í jó dáadáa bí iná kò bá tó ámpíà 60; gééjì 10, tí ó tó nǹkan bí mìlímítà 3.2, ń fẹ́ bíi 90 sí 130. Ẹ rí i pé èyí tí ó kéré nínú àwọn ọ̀pá tí ó wọ́pọ̀ ti ń béèrè ìlọ́po méjì iná tí páànù ara ọkọ̀ lè gbà. Kì í ṣe àìmọwọ́ nìkan ni ó ń lu ihò. Ọ̀pá tín-ín-rín tí ó tó mìlímítà 1.6 tàbí 2 wà, ọlọ́wọ́ pẹ̀lẹ́ sì lè fi í jó páànù, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ níyànjú láti fi í bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ tí ó fẹ́ràn.

Bí iná bá sì kéré jù, ewu rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ ju ti ihò lọ, nítorí ihò a máa fi ara rẹ̀ hàn. Irin ọ̀pá a yọ́, a sì dùbúlẹ̀ lórí irin ọkọ̀ bí àbẹ́là tí ó kán sórí tábìlì, ṣùgbọ́n irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò yọ́. Jíjó kì í ṣe lílẹ̀. Irin méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ yọ́ ní ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, kí wọn sì gbẹ pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tí ó tú ẹsẹ̀ ìjókòó mi nìyẹn.

Fún páànù, ẹ̀rọ oníwáyà ni ó yẹ, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mígì. Wáyà tín-ín-rín ni a ká sínú rẹ̀. Bí a bá tẹ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ a máa ti wáyà náà jáde díẹ̀díẹ̀. Wáyà yìí ni ó ń gbé iná dé ojú irin, òun náà ni ó sì ń yọ́ sínú rẹ̀. Gáàsì a máa fẹ́ jáde yí i ká láti lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú irin yíyọ́, a máa di oníhò bí inú àkàrà. Ní ilé ìwádìí Battelle ní Amẹ́ríkà ni a ti ṣe ọ̀nà yìí yọrí ní ọdún 1948, fún alumíníọ̀mù. Ní ọdún 1953 ni àwọn ará Soviet fi hàn pé gáàsì CO2, tí owó rẹ̀ kò tó ti ìṣáájú, lè ṣiṣẹ́ náà fún irin lásán, láti ìgbà náà ni ó sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe. Pẹ̀lú wáyà mìlímítà 0.6, ẹ̀rọ oníwáyà tí ó dára lè jó ní ámpíà 30, èyí tí í ṣe ohun tí páànù ń fẹ́ gan-an.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má ṣe béèrè ibi tí ẹ̀rọ lè gòkè dé. Ẹ béèrè ibi tí ó lè sọ̀kalẹ̀ dé. Èyí tí kò lè lọ sí ìsàlẹ̀ ju ámpíà 50 lọ kò wúlò fún ara ọkọ̀, ìbáà jẹ́ 300 tàbí 500 ni a kọ sí i lára. Ẹ wò ó bóyá róólà tí ń ti wáyà mìlímítà 0.6 wà nínú rẹ̀, àti bóyá ọwọ́ ìjórin rẹ̀ ṣe é tú kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́.

Olùtajà yóò sọ fún yín pé wáyà kan wà tí kò nílò gáàsì. Òtítọ́ ni. Èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ gáàsì wà nínú ikùn wáyà náà, ó sì wúlò fún iṣẹ́ ìta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbóná ju wáyà lásán lọ, èéfín rẹ̀ pọ̀, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ojú iná inú ẹ̀rọ kí a tó lò ó, nítorí wáyà lásán ń fẹ́ kí ojú rere wà lọ́dọ̀ ọwọ́ ìjórin, èyí tí kò nílò gáàsì sì sábà máa ń fẹ́ òdìkejì. Ẹ̀rọ tí kò ṣe é pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa jó ọ̀kan nínú méjèèjì ní ìjókújòó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹlẹ́kítíróòdù di ohun ìkọ̀sílẹ̀. Fún ṣásí, fún irin ọmọlanke, fún ohunkóhun tí ó bá ju mìlímítà 2 lọ, ó dára púpọ̀. Owó rẹ̀ kéré, kò ní sìlíńdà tí a ó máa gbé kiri, atẹ́gùn kò sì dí i lọ́wọ́. Kìkì pé ní àkókò òjò kí a tọ́jú ọ̀pá sí inú agolo tí ó ní ìdérí, nítorí ọ̀rinrin a máa ba èròjà ara rẹ̀ jẹ́. Ní báyìí, a ń ta ẹ̀rọ tí ó mú mígì àti ẹlẹ́kítíróòdù pọ̀ sínú àpótí kan. Bí ènìyàn bá bi mí, irú èyí, tí agbára rẹ̀ wà láàárín ámpíà 140 sí 180, ni n ó sọ pé kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ kan nílé rà, kí ó má sì ṣe wá ohun tí ó tóbi jù ú.

Ti tígì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó falẹ̀, ó ń fẹ́ gáàsì ágọ̀n àti irin tí kò ní ìpáàrà kankan. Kí ènìyàn fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá ti mọ iṣẹ́. Ní ti gáàsì kábáìdì tí àwọn tí ń tẹ́ ara ọkọ̀ lẹ́bàá títì ń lò, mo mọ̀ pé iṣẹ́ rere ni wọ́n ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ ní ilé tí ọmọdé wà. Gáàsì tí ń jáde lára kábáìdì lè bú gbàmù fúnra rẹ̀ bí a bá fún un pọ̀ kọjá ìwọ̀n, àgbá tí a fi ń sè é sì ti pa àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ju èmi lọ.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Àwo kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó ń sọ òtítọ́ ju ọ̀dà iwájú lọ. Bí ẹ bá rí 160 àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ámpíà 160 ẹ̀rọ náà lè jó fún ìṣẹ́jú 2 nínú 10, kí ó sì sinmi fún 8. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò lè jó fún ìṣẹ́jú 6 nínú 10 ní nǹkan bí ámpíà 90. Èyí tó fún iṣẹ́ ilé, nítorí ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe a máa pẹ́ nídìí gígé àti títò ju jíjó lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ wò ó bóyá ìwọ̀n ooru 40 ni a fi dán an wò. Àwọn kan wà tí a dán wò ní 20, irú ooru bẹ́ẹ̀ kò sì sí lábẹ́ páànù tiwa ní oṣù kejì ọdún.

Ìbéèrè kejì ni ti iná. Ẹ̀rọ àtijọ́ onítiransifọ́mà, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ wa ń wé kọ́ílì rẹ̀ fúnra wọn, lágbára, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fa iná púpọ̀ ju èyí tí ilé gbígbé lè fún un lọ. Ínfátà ni ó yẹ ilé. N kò sọ ti ínfátà tí ń fi bátìrì tan iná yàrá. Orúkọ nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀. Síbẹ̀ náà, kí a ṣírò. Gééjì 12 ní ámpíà 90 ń ná bíi wáàtì 2,100 lẹ́nu ọ̀pá. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń fi díẹ̀ ṣòfò, ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í sì í fa iná ní fífà tí ó tẹ́jú, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó ń gbà lára ògiri lè sún mọ́ ámpíà 16. Púlọ́ọ̀gì ilé wa jẹ́ ti ámpíà 13. Èyí ni ó ń mú kí púlọ́ọ̀gì yọ́ tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Kí oníná fa wáyà tí ó nípọn, tí ó ní ìjáná tirẹ̀, láti ojú mítà wá sí ibi iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, 5 KVA ni ó kéré jù fún irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n wáyà mìlímítà 0.6 lórí páànù kò ná ju nǹkan bíi wáàtì 500 lọ lẹ́nu wáyà. Jẹnẹrétọ̀ 3 KVA lè gbé e. Ẹni tí ó bá mọ irin tí ó fẹ́ jó ti mọ ìdajì iná tí ó nílò pẹ̀lú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú irin méjì dání láti ilé tí ó nípọn bí èyí tí ẹ fẹ́ jó, kí ẹ sì ní kí a jó wọn pọ̀ lójú yín. Ẹ fi òòlù tẹ̀ ẹ́ ní ojú ìsopọ̀. Bí irin bá wó ṣùgbọ́n tí ojú ìsopọ̀ kò là, ó dára. Bí ó bá là, tí inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó yẹ kí olùtajà yí iná padà kí ó tún un jó. Bí kò bá tún dára, ẹ máa lọ.

Kí ẹ má ṣe ná gbogbo owó tán lórí ẹ̀rọ. Ìbòjú tí dígí rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11, ìbọ̀wọ́ awọ, àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ jẹ́ apá kan ẹ̀rọ náà. Dígí dúdú tí a ń lò nínú oòrùn kò dá nǹkan kan dúró tó. Àwọn ọmọ méjì kan yọjú lójú fèrèsé wò mí ní ọjọ́ kan tí n kò mọ̀. Wọ́n jẹun alẹ́, wọ́n sùn, ṣùgbọ́n ní òru wọ́n ń ké pé iyanrìn wà lójú àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ti rí: ìtànṣán tí ojú kò lè rí ni ó jó ẹyinjú, ìrora rẹ̀ kì í sì í dé títí wákàtí mélòó kan yóò fi kọjá. A kò gbọdọ̀ kán ọmú, omi ṣúgà tàbí ìtọ̀ sí i, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé wọn lọ. Ó sábà máa ń san láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ta aṣọ nínípọn tí iná kì í tètè ràn yí ibi iṣẹ́ ká.

Èéfín rẹ̀ náà kì í ṣe ohun ìfojúkékeré. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn náà. Páànù tí a fi síńkì bò ni ó yára jù: ẹni tí ó bá fa èéfín rẹ̀ símú yóò máa gbọ̀n ní alẹ́ bí ẹni tí ibà mú. Kí a ha síńkì náà kúrò, kí a sì jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ kúrò lójú wa. Wàrà tí ọ̀pọ̀ ajórinmọ́rin ń mu lẹ́yìn iṣẹ́ dára fún ikùn, ṣùgbọ́n ikùn kọ́ ni èéfín bá lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni.

Nínú ìjàpá, iwájú ni táńkì epo wà. Kí a gbé e kúrò pátápátá, kí a gbé e jìnnà, kí a sì yọ bátìrì pẹ̀lú. A kò gbọ́dọ̀ jó táńkì epo nílé láé, bí ó tilẹ̀ ti ṣófo láti ọdún mẹ́wàá. Òórùn epo ni ń bú, kì í ṣe epo. Ẹ fi omi àti iyanrìn sí tòsí, kí ẹ sì dúró ti ọkọ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí fóòmù ìjókòó a máa fi iná pamọ́.

Ohun tí ó jẹ́ ti ọwọ́ ọkọ̀, ti bíréèkì, tàbí ibi tí ìgbànú ìjókòó so mọ́, kí olùkọ́ṣẹ́ má ṣe dán an wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọkọ̀ tuntun, nítorí irin líle kan wà nínú òpó wọn tí iná ìjórin ń sọ di rírọ̀, ọkọ̀ kò sì ní sọ fún ni títí di ọjọ́ ìjàǹbá.

Mo ra ẹ̀rọ oníwáyà nígbẹ̀yìn. Ilẹ̀ ìjàpá náà gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ mi, nítorí tótó ni a ń jó páànù: ẹ̀kán kan níhìn-ín, òmíràn lọ́ọ̀ọ́kán, kí ooru má baà ká a jọ. Ti ẹsẹ̀ ìjókòó, àgbà àdúgbò wa jókòó tì mí, a fi irin mìlímítà 3 tẹ́ abẹ́ rẹ̀, mo sì fi gééjì 12 jó o lójú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tún wá. Ó jókòó, ó fò sókè lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó gbà láti bá mi lọ sí ojú títì.